CFD, Bolin, Yarbrough àti àwọn yòókù: èwo ló tọ́ sí ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré l'Amẹ́ríkà?

Tí ẹ bá ti ń sún mọ́ òpin oyè Ph.D. yín ní Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ pé kíkọ́ ọmọ níwèé ló wù yín ju kí ẹ máa sá kiri nítorí owó ìwádìí ní yunifásítì ńlá, àwọn fẹ́lóṣíìpù kan wà, ìyẹn owó àti àyè tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fún ọ̀dọ́ onímọ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, tí orúkọ wọn kò ní pẹ́ kàn yín létí: CFD tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, Bolin ti Williams, Yarbrough ti Kenyon àti àwọn mìíràn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ nínú ìpolówó: àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí wọ́n ń pè ní liberal arts fẹ́ kí onírúurú èèyàn wà láàárín àwọn olùkọ́ wọn. Ẹnu wọn kò yàtọ̀, ọwọ́ wọn ló yàtọ̀. Ọ̀kan á fún yín ní ọdún méjì gbáko, kíláàsì kan péré lọ́dún. Òmíràn á fún yín ní ọdún ẹ̀kọ́ kan, kíláàsì á sì ti máa dúró dè yín láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tèmi, orúkọ kọ́ ló yẹ ká fi yàn, iye owó náà kọ́. Wákàtí tó máa ṣẹ́ kù fún àpilẹ̀kọ yín (dissertation, ìwé ìwádìí tí ẹ fi ń gba Ph.D.) lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti mú ìpín tirẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Irú ilé ẹ̀kọ́ wo tiẹ̀ nìyí? Williams ní Massachusetts, Kenyon ní Ohio, Grinnell ní Iowa, Bates ní Maine: nǹkan bí 2,000 akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ fún, inú ọgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ń gbé, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. kankan tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa kó ìwé ìdánwò fún pé kó bá òun máàkì. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wọn, òun ló ń máàkì, òun náà ló ń jókòó ní ọ́fíìsì de ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé. Ìlú kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn wà. Gambier tí Kenyon wà, abúlé ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra èlùbọ́ á wakọ̀ bíi wákàtí kan lọ sí Columbus. Ẹni tó ń ka Ph.D. ní New York tàbí Los Angeles kì í ronú kan irú ibẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ wá fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n wá wo ilé, kí onílé náà wò wọ́n.

Ìwé ìgbélùú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wá kàwé ti máa ń kọsẹ̀. CFD, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card ló wà fún. Ẹ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó dúdú ní gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Tó bá jẹ́ físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ló wà lọ́wọ́ yín, ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí. Àwọn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀ fúnra wọn, bíi Bolin àti Yarbrough, òfin tiwọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ ímeèlì ìlà méjì sí ọ́fíìsì díìnì kí ẹ tó lọ yọ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta lẹ́nu pé kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ká ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan gbà yín pẹ̀lú F-1, OPT, ìyẹn àyè tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lórí físà yẹn, ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀. Òfin fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. láti bẹ̀rẹ̀ OPT nígbà tó bá ti parí gbogbo kíláàsì, tó ku àpilẹ̀kọ nìkan. Oṣù 12 ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ná an tán sórí fẹ́lóṣíìpù ọdún kan, kò ní sí nílẹ̀ mọ́ lọ́dún tí iṣẹ́ gidi bá yọjú, àfi tí ẹ bá wà lára àwọn onísáyẹ́ǹsì àti oníṣirò tí wọ́n lè gba oṣù 24 sí i. Ní ti H-1B, físà òṣìṣẹ́, àǹfààní ńlá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tẹ́lẹ̀, torí iye tí ìjọba fi òté lé lọ́dọọdún kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí wọ́n máa san 100,000 dọ́là lórí ìbéèrè H-1B tuntun fún ẹni tí kò tíì sí nínú Amẹ́ríkà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó bá gbọ́ iye yẹn á mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ìlú, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jáde lọ kí ìyá yín nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ bá ètò FLTA ti Fulbright wá kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ibí, tí ẹ wá padà wá fún Ph.D., ọ̀rọ̀ tiyín tún ní ìsàlẹ̀. Físà J-1 tí ẹ kọ́kọ́ fi wá yẹn máa ń gbé òfin ọdún méjì dání: ẹ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì nílé kí ẹ tó lè gba H-1B tàbí green card. Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Àwọn kan ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

CFD: fọ́ọ̀mù kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì púpọ̀

Consortium for Faculty Diversity ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìparí àwọn ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń jẹ́ Consortium for a Strong Minority Presence at Liberal Arts Colleges. Ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kan. Oríṣi méjì ló ní: ti ẹni tó ń parí àpilẹ̀kọ, àti ti postdoc, ìyẹn ẹni tó ti gboyè tí oyè náà kò sì tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Oníṣẹ́ ọnà tó ń gba oyè MFA náà lè wọ̀ ọ́.

Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹ máa kọ, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ló sì lè kà á. Ohun tí kò dùn ni pé kò sí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè ìdáhùn nínú wọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ sójú ọjà: ẹgbàágbèje èrò á kọjá, ẹni tó ń wá nǹkan tí ẹ ń tà nìkan ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó mú ẹnì kan, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ fún díìnì pé àwọn fẹ́, díìnì sì gbọ́dọ̀ ti rí owó. Ẹ lè dáńgájíá jù gbogbo àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì pè yín, torí pé kò sí ẹ̀ka ìtàn tó ń wá ẹni tó mọ ìtàn òwò ẹrú ní Ouidah lọ́dún náà.

Ẹni tó mọ ètò yìí dáadáa kì í kọ fọ́ọ̀mù kó wá káwọ́ gbera. Ẹ mú kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ wo àwọn kíláàsì tí ẹ̀ka yín ń kọ́ níbẹ̀, ẹ wá ihò tí ẹ lè dí, kí ẹ wá kọ̀wé tààrà sí alága ẹ̀ka náà pé ẹ ti wà nínú CFD tọdún yìí, kíláàsì báyìí-báyìí lẹ sì lè kọ́. Ìwé ojú-ewé kan ti tó. Alága tó bá rí i pé ẹ ti ka ìwé àwọn kí ẹ tó kọ̀wé á lọ bá díìnì fún yín. Èyí tí kò bá gbọ́ orúkọ yín rí, àárín orúkọ rẹpẹtẹ ló ti máa bá yín pàdé.

Ní ti owó, CFD kò ní iye kan pàtó. Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ń san fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò, nítorí náà ẹni méjì tó jọ gba CFD lọ́dún kan náà lè máa gba owó tó jìnnà síra. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ sábà máa ń kọ́ kíláàsì kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹrù postdoc máa ń tó ìdajì ti olùkọ́ gidi tàbí kó lé díẹ̀.

Bolin: ọdún méjì ní Williams

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Gaius Charles Bolin, ọmọ Poughkeepsie ní ìpínlẹ̀ New York, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Williams, lọ́dún 1889. Ó padà sí ìlú rẹ̀, ó di lọ́yà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jane, lọ sí Wellesley, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ti àwọn obìnrin, ó wá di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè òfin ní Yale lọ́dún 1931. Ní 1939, La Guardia tó jẹ́ olórí ìlú New York búra fún un, ó sì di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Orúkọ bàbá yẹn ni Williams fi sọ fẹ́lóṣíìpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọdún méjì ni. Ọdún kìíní wà fún píparí àpilẹ̀kọ, ọdún kejì fún ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn oyè: ìwé títẹ̀ jáde, wíwá iṣẹ́. Kíláàsì sáà kan ṣoṣo lẹ máa kọ́ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún yín ní olùkọ́ àgbà kan nínú ẹ̀ka yín tó máa mú yín rìn. Àwọn tí wọ́n sì ń pè sí i kò mọ sórí àwọ̀: wọ́n máa ń dárúkọ ẹni tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ìdílé rẹ̀, obìnrin tó wà nínú ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin ti pọ̀ jù, àti ẹni tó ní ìpèníjà ara.

Kí ló wá dé tí ọdún méjì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ẹni tó gba fẹ́lóṣíìpù ọdún kan á dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù Kẹjọ. Kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì tí ìpolówó iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, torí láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń polówó iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyẹn ni pé gbogbo sáà àkọ́kọ́, tó yẹ kó fi kọ orí kẹrin, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ló máa fi kọ. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló máa parí, á ní oṣù Karùn-ún. Àwọn tó wà lórí àga kejì ti gbọ́ "oṣù Karùn-ún" rí, wọ́n sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó wà nínú Bolin lè fi sáà àkọ́kọ́ yẹn kọ̀wé láìwojú ẹnikẹ́ni, kó wá jáde wá iṣẹ́ lọ́dún kejì pẹ̀lú oyè lọ́wọ́.

Àléébù rẹ̀ ò ju méjì lọ. Àyè tó wà níbẹ̀ kéré, àwọn tó ń du ú sì pọ̀. Ìkejì, àárín òkè ni Williamstown wà, ìgbà òtútù ibẹ̀ gùn, ẹni tí kò ní mọ́tò á rò pé wọ́n ti òun mọ́lé.

Yarbrough, Campbell àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún

Fẹ́lóṣíìpù Marilyn Yarbrough ti Kenyon jẹ́ ti ọdún ẹ̀kọ́ kan, kíláàsì kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Obìnrin dúdú tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ni Yarbrough, òun ló di díìnì ẹ̀ka òfin ní University of Tennessee ní 1987. Ẹni tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán ni mo máa ní kó lọ síbẹ̀. Tó bá ku orí méjì gbáko, kíláàsì méjì tó jẹ́ tuntun fún yín láàárín oṣù mẹ́sàn-án á gbé ìkan nínú orí náà mì.

St. Lawrence University ní ìhà àríwá New York ní irú rẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Jeffrey Campbell, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè níbẹ̀, ní 1933. Bí ti Kenyon ló rí, àfi pé òtútù ibẹ̀ tún ju ti Ohio lọ.

Five College Fellowship yàtọ̀ díẹ̀. Amherst, Smith, Mount Holyoke, Hampshire àti University of Massachusetts tó wà ní Amherst ló jọ ń ṣe é ní àfonífojì kan náà. Mendenhall ni Smith ń pe tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ ló wà fún, ẹrù kíkọ́ rẹ̀ kò wúwo, bọ́ọ̀sì sì ń ná àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ̀yin tí ìwádìí yín nílò ilé ìkówèésí ńlá tàbí tí ẹ máa ń ṣàárẹ̀ tí ẹ kò bá rí akẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ fi ibẹ̀ ṣe àkọ́kọ́. Kò sí abúlé kankan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí tí ẹ ti máa rí onímọ̀ nípa Áfíríkà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

| | CFD | Bolin | Yarbrough |
|---|---|---|---|
| Bó ṣe gùn tó | Ọdún kan, nígbà mìíràn méjì | Ọdún méjì | Ọdún ẹ̀kọ́ kan |
| Kíláàsì | Ọ̀kan ní sáà kan. Ti postdoc ju bẹ́ẹ̀ lọ | Ọ̀kan lọ́dún | Ọ̀kan ní sáà kan |
| Ibi tí ẹ máa wà | Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá mú yín | Williamstown, Massachusetts | Gambier, Ohio |
| Lẹ́yìn oyè ńkọ́? | Postdoc wà | Ọdún kejì wà fún un | Rárá |
| Ẹni tí mo máa ní kó gbà á | Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tó lè kọ̀wé sí alága | Ẹni tó ku orí méjì | Ẹni tó ku àtúnṣe nìkan |

Kíláàsì kan kì í ṣe wákàtí mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀sẹ̀ kan. Ká sọ pé ọmọ 18 ló wà nínú kíláàsì yín, tí ẹ ń kọ́ wọn nípa ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil àti Cuba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lẹ ń pàdé wọn. Lójú ìwé, wákàtí mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò kọ́ kíláàsì yìí rí. Ojú-ewé 100 lẹ ní kí àwọn ọmọ kà fún ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ tún un kà, torí nínú kíláàsì ọmọ 18 kò sí ibi tí olùkọ́ lè fara pa mọ́ sí. Ọmọ kan á gbọ́wọ́ sókè, á ní ní ojú-ewé 43 òǹkọ̀wé náà tako ara rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ojú-ewé 43.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àròkọ 18 á wọlé, olójú-ewé mẹ́fà-mẹ́fà. Kò sí pé èèyàn kọ 58 sórí rẹ̀ kó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Àwọn òbí tó san owó gọbọi fẹ́ kí ọmọ wọn rí ìdáhùn gidi, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún wọn; nítorí náà ọ̀rọ̀ tó kún fọ́fọ́ lẹ máa kọ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn òpin ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ tí kò tiẹ̀ sí nínú kíláàsì yín. Ìròyìn á ti tàn nínú ọgbà pé olùkọ́ dúdú kan ti dé. Ọmọbìnrin kan, àwọn òbí rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú, á kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: àwọn òbí ní ìṣègùn ni kó kà, ijó ni òun fẹ́, kò sì sẹ́ni tí òun lè bá sọ ọ́ ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ta ló máa ní kó máa lọ? Ẹ máa jókòó, ẹ máa gbọ́ ọ, ilẹ̀ á ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì díìnì á ní kí ẹ wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan, àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó á ní kí ẹ wá ya fọ́tò lábẹ́ igi. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú ìwé àdéhùn yín, kò sì ní sí nínú ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ ibòmíràn máa kà nígbà tí wọ́n bá ń wo ìwé yín.

Ọmọ tó wá sunkún, ẹ gbà á. Ìgbìmọ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú ni kí ẹ ní alábòójútó yín ní yunifásítì kò gbà, ẹ gbọ́dọ̀ fi orí kẹrin ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Gbogbo wọn náà ti ní alábòójútó rí.

Owó àti owó orí

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti ká àwọn èèyàn mọ́. Ẹ béèrè bóyá owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa san tàbí owó ìtìlẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ owó oṣù, wọ́n á ti yọ owó orí kí ó tó dé ọwọ́ yín, ìbánigbófò ìlera òṣìṣẹ́ sì sábà máa ń bá a rìn. Tó bá jẹ́ owó ìtìlẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ lè wọlé láìsí ohun tí wọ́n yọ, inú yín á dùn, títí di ìgbà tí IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, bá fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ máa san owó orí náà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: ní oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kìíní. 45,000 dọ́là lọ́nà kìíní kì í ṣe ẹgbẹ́ 45,000 lọ́nà kejì.

Ohun tí ilé ẹjọ́ yí padà, àti ohun tí ẹ máa kọ

Ní oṣù Kẹfà 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ l'Amẹ́ríkà dá Harvard àti University of North Carolina lẹ́kun pé wọn kò gbọdọ̀ máa wo ẹ̀yà láti fi gba akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé ni ẹjọ́ yẹn, kì í ṣe ti ìgbanisíṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ti kà á léèwọ̀ tipẹ́ pé kí agbanisíṣẹ́ fi ẹ̀yà yan ènìyàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù ba gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí Ààrẹ Trump tún fọwọ́ sí àwọn àṣẹ tó tako irú ètò báwọ̀nyí ní oṣù Kìíní 2025, àwọn kan pa orúkọ dà, àwọn kan yí gbólóhùn inú ìpolówó padà. Ẹ ka ìpolówó ọdún yìí gan-an, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́.

Gbólóhùn tí ẹ máa rí jù báyìí ni pé àwọn ń wá ẹni tó máa fi kún onírúurú ìrírí tó wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ ìwé kan nípa rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní diversity statement. Ẹ má fi ìwé yẹn kọ pé ọmọ Yorùbá ni yín, kí ẹ wá fi mọ síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti ṣe: ọmọ tó fẹ́ fi ìṣirò sílẹ̀ tí ẹ bá jókòó, bí ẹ ṣe tún ìwé kíkà inú kíláàsì kan tò, ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò tiẹ̀ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́; MIT pa á tì ní 2024. Níbi tí wọn kò bá ti béèrè, ẹ fi àwọn ìtàn náà sínú lẹ́tà nípa ìkọ́ni yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ láàárín ara wa. Ní 2004, Henry Louis Gates àti Lani Guinier, ọ̀jọ̀gbọ́n dúdú méjì ní Harvard, sọ ọ́ síta pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Áfíríkà àti erékùṣù Caribbean, tí àwọn tí wọ́n fi baba ńlá wọn ṣe ẹrú nílẹ̀ yìí kò sì tó nǹkan láàárín wọn. Wọ́n béèrè pé àwọn wo gan-an ni wọ́n ṣe ètò náà fún. Èmi kò rò pé ìbéèrè yẹn ní kí ọmọ Nàìjíríà má kọ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó ní ká má sọ ìtàn Bolin bí ẹni pé tiwa ni. Ẹni tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ẹnu ọ̀nà yìí, kó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn náà, kó sì jẹ́ kó hàn nínú ohun tó ń kọ́ni.

Àwọn tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò tọ́ sí yín

Ford Foundation ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ṣì ń fi ṣáájú. Ètò ńlá ni nígbà ayé rẹ̀: 27,000 dọ́là lọ́dún fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Ph.D., 28,000 fún ọdún àpilẹ̀kọ. Ní 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn máa pa á dé. Ẹ fò ó.

Mellon Mays kì í ṣe ti ẹni tó ń gba Ph.D.; ọmọ tó wà ní ọdún kejì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n máa ń yàn. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn òbí. 1988 ló bẹ̀rẹ̀, orúkọ Benjamin Mays ló ń jẹ́, ẹni tó gboyè ní Bates ní 1920 kó tó wá di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse. Ó ti lé ní 1,000 àwọn tó gba Ph.D. láti inú rẹ̀, wọ́n sì máa ń bá ẹni tó bá lọ ka Ph.D. san gbèsè ìwé tó 10,000 dọ́là. Tí ọmọ yín bá wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní i, tó sì ń ka ìtàn tàbí lítíréṣọ̀ tí ẹ̀yin ń bínú pé kò ka ìṣègùn, ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó bá a jà.

President's Postdoctoral ti University of California, láti 1984, wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí ní yunifásítì ńlá. Ètò tó dára ni, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń wá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ ní kí díìnì fún yín ní orúkọ àwọn mẹ́ta tó ṣe fẹ́lóṣíìpù náà kẹ́yìn, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kì í ṣe ímeèlì. Ohun tí ẹnu sọ lórí fóònù, ọwọ́ kì í kọ ọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n parí àpilẹ̀kọ lọ́dún náà, bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ẹnikẹ́ni nínú wọn síṣẹ́, ibi tí wọ́n gbé, àti iye ìgbà tí wọ́n pè wọ́n sí ìgbìmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé kíláàsì mélòó, ọmọ mélòó ló máa pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tí ẹ máa kọ́. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí kíláàsì náà bọ́ sí sáà kejì, kí sáà àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti àpilẹ̀kọ àti ìwáṣẹ́. Wọ́n máa ń gbà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń parí, CFD sì máa ń wà lára àwọn tó ń ṣáájú. Ẹ ti sọ fún àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún yín kí oṣù Kẹjọ tó tán, kí ẹ sì fi orí kan nínú àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n rí nǹkan tuntun kọ.